Kí Iṣu Tó Kan Ẹnu: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọdún Ìjẹṣu Lókè Òkun

(Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ará ilé tó péjọ ní Manchester ní oṣù Keje, nígbà tí Ìjẹṣu, ọdún iṣu tuntun wa, ń súnmọ́. Mo tún un tò díẹ̀ fún kíkà.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀ kí i yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ fi oorun àárọ̀ Sátidé sílẹ̀ nítorí wa, ẹ kú sùúrù. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo bá wá.

Abọ́ kan ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ọdún kẹta tí mo dé ìlú yìí ni. Oṣù Kẹjọ ti wọlé, ọkàn mi sì wà nílé, ní Èkìtì, níbi tí mo mọ̀ pé wọ́n ti ń múra Ìjẹṣu. Mo lọ ra iṣu méjì, mo sè é, mo fi ata díndín àti ẹja gbígbẹ sí i, mo bù ú sínú abọ́ mẹ́rin, mo sì kan ilẹ̀kùn mẹ́rin ní òpópónà wa. Gbogbo wọn fi ẹ̀rín gbà á. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin ará Poland tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán ilé wa dá abọ́ tirẹ̀ padà. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì fi kéèkì ápù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sínú rẹ̀, ó ní ìyá òun kọ́ òun pé abọ́ ẹni tó ṣeni lóore kì í padà lófìfo. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Kí lẹ ń ṣe, tí ẹ fi ń pín oúnjẹ?" Mo ní, "Iṣu ni, oúnjẹ ilẹ̀ wa." Ó ní, "Áà, oúnjẹ alẹ́ yín ni." Ó dúpẹ́, ó lọ.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó, mo gbé abọ́ náà lé itan. Òótọ́ ló sọ. Oúnjẹ alẹ́ wa ni mo gbé fún un. Ọdún tó wà nínú iṣu náà, mo ti gbàgbé rẹ̀ sílé.

Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó mọ ohun tí mo gbàgbé gan-an. Mo kọ́kọ́ rò pé àlàyé ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé pélébé mọ́ abọ́, "èyí ni iṣu, bí a ṣe ń jẹ ẹ́ nìyí." Wọ́n kà á, wọ́n jẹun, kò sí ohun tó yàtọ̀. Lẹ́yìn náà mo rò pé aṣọ ni, tàbí ìlù. Àwọn ọmọ wa máa ń gbé oúnjẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí kálukú mú oúnjẹ ilẹ̀ rẹ̀ wá. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: tábìlì gígùn, àsíá kékeré lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan, èèyàn á bu ṣíbí kan, á ní "ó dùn", á sì kọjá sí abọ́ tó tẹ̀lé e. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nípa ìyẹn, ó dára kí ọmọ mọ oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọdún kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé díẹ̀.

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, iṣu tó kù lábà a máa hu. Á ta èéhù, ara rẹ̀ á rọ̀, adùn rẹ̀ á sì máa dínkù. Èyí tó dára níbẹ̀ ti di èbù, ó ti wà nínú ebè. Èyí tí kò dára ti di èlùbọ́. Láti ìgbà náà títí di oṣù Keje, àmàlà àti ẹ̀bà là ń jẹ, ẹ̀wà nígbà tó bá wà, lẹ́yìn náà àgbàdo tuntun á dé. Màmá mi, ọmọ Èkìtì tí kì í pe iṣu ní iṣu, "usu" ló máa ń pè é, a máa sọ pé àgbàdo ló ń bá wa di ẹnu mú de usu. Ní gbogbo àkókò yẹn, iṣu wà lóko. Ìtàkùn rẹ̀ ti gun igi, ewé rẹ̀ ti dúdú. Bàbá á fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ebè, á rí i bó ṣe tóbi tó, á sì da ilẹ̀ bò ó padà. Ebi ń pa á. Iṣu tirẹ̀ ni, ebè tirẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Ẹni tí ebi bá dà láàmú lè wa ọ̀kan lóko kó fi iná sun ún ní kọ̀rọ̀. Gbígbé e wọ̀lú ni kò sẹ́ni tó dán an wò. Iṣu tuntun kò gbọdọ̀ gba ojú títì wọ ìlú wa kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Àwọn kan máa ń sọ pé èèwọ̀ lásán ni. Kì í ṣe lásán. Ẹ bi àgbẹ̀ yín. Iṣu tí a bá tètè wà kún fún omi, kì í pẹ́ kó tó rà, kò sì dùn tó bó ṣe yẹ. Ju ìyẹn lọ, iṣu funfun tí a mọ̀ sí ti iyán, ẹ̀ẹ̀mejì ni àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ń wà á lọ́dún. Lákọ̀ọ́kọ́, á fara balẹ̀ tú ebè, á gé iṣu ńlá náà kúrò lábẹ́ orí rẹ̀, á sì da ilẹ̀ padà bo orí àti gbòǹgbò, kí ìtàkùn lè tún so àwọn kéékèèké tí yóò jẹ́ èbù ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí ebi mú kánjú, tó lọ fa á tu ṣáájú àkókò, ó ti jẹ èbù ọmọ rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi gbogbo ìlú ṣe ẹ̀ṣọ́ iṣu. Kò sí ẹni tí yóò dá dúró, ká wá máa wo ẹni tó lówó kó máa jẹ. Ọba pẹ̀lú ń dúró.

Nígbà tí ọjọ́ bá wá pé, àwọn àwòrò á ṣe tiwọn, wọ́n á da obì, ọba á kọ́kọ́ tọ́ iṣu wò, ìròyìn á sì jáde pé ẹnu ti gbà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbẹ̀ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ariwo odó! Láti agbo ilé dé agbo ilé, ẹ ò lè mọ ibi tí ti yín ti parí tí tàwọn ìyókù ti bẹ̀rẹ̀. Iyán tí wọ́n gún nílé wa kọ́ la máa ń jẹ jù lọ́jọ́ náà. Èmi ni wọ́n máa ń gbé àwo lé lórí pé kí n gbé e fún ìyá ìyá mi, kí n gbé e fún ìyàwó pásítọ̀, kí n gbé e fún Hausa onísúyà tó ń gbé létí gáréèjì. N ó padà pẹ̀lú àwo ilé wọn lórí mi. Ọkùnrin tó ń fẹ́ àǹtí mi a máa ru iṣu wá fún bàbá bàbá mi, iṣu àna, èyí tó gùn jù nínú oko rẹ̀, gbogbo àdúgbò á sì jáde wá wo bí iṣu náà ṣe rí kí wọ́n fi mọ irú ọkọ tó fẹ́ jẹ́.

Gbogbo wa la jọ yó, torí gbogbo wa la jọ dúró. Ohun tí mo gbàgbé nílé nìyẹn. Ìdúró yẹn.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí níbí. Ẹ lè ra iṣu ní oṣù Kejì, ẹ lè rà á ní oṣù Karùn-ún, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti Gánà wá, irú iṣu tí wọ́n ń pè ní Puna, tí gbogbo wa mọ̀ nínú páálí rẹ̀. Ó máa ń dùn mí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Nàìjíríà nìkan ló ń gbin nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo iṣu ayé, Gánà ló sì ń tà á fún wa lókè òkun. Òfin ọdún 1989 ka iṣu mọ́ àwọn oúnjẹ tí wọn kò gbọdọ̀ kó jáde ní Nàìjíríà. Ìgbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2017 ni mínísítà fún ètò ọ̀gbìn, Audu Ogbeh, ṣíde ọ̀nà ní Èkó, tí wọ́n kó tọ́ọ̀nù 72 jáde pẹ̀lú ayẹyẹ. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé lára rẹ̀ bàjẹ́ kó tó dé. Ẹni tó bá ti tọ́jú iṣu rí kò ní ya ẹnu: iṣu ń mí, ó ń làágùn, bí a bá tì í mọ́nú àpótí gbígbóná láìsí afẹ́fẹ́, á rà. Àwọn ará Gánà ti fi ọdún pípẹ́ kọ́ iṣẹ́ yẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí iṣu bá wà lójoojúmọ́, kí lọmọ wa yóò dúró dè? Mo rò pé ìdí nìyẹn tí Ìjẹṣu fi ń kú lọ́wọ́ wa níbí ju àwọn ọdún mìíràn lọ. Kérésì ní ọjọ́ tirẹ̀, Iléyá ní ọjọ́ tirẹ̀, ààwẹ̀ sì wà ṣáájú Ìtúnu. Àwa mú iṣu nínú Ìjẹṣu, a fi ààwẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan gbé e la òkun já tipẹ́tipẹ́, nínú ipò tí èmi àti ẹ̀yin kò lè rò. Ẹ mọ Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ògìyán ni wọ́n ń pe ọba wọn, Ògìyán náà sì ni orúkọ òrìṣà wọn, òrìṣà tó ń jẹ iyán. Ìtàn sọ pé iyán wù ú débi pé òun ló dá odó sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọ Yorùbá ní ẹrú lọ sí Bràsíl, wọn ò jẹ́ kí wọ́n mú odó dání, ṣùgbọ́n Ògìyán bá wọn lọ. Ní Salvador, ní Bahia, nínú àwọn ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn níbẹ̀, bí Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá tí Eugênia Anna dos Santos dá sílẹ̀ ní ọdún 1910, wọ́n ní ọ̀wọ́ ọdún kan fún Òrìṣàńlá tí wọ́n ń fi omi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi iyán parí. Ìparí yẹn ni wọ́n ń pè ní Pilão de Oxaguiã. Oxaguiã ni Òrìṣà Ògìyán, bí ẹnu wọn ṣe pè é. Pilão ni odó. Ọdún Odó Ògìyán, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ pé èdè àwọn Pọtogí ni wọ́n fi ń ra iyọ̀.

Ohun tó mú mi dìde lórí àga nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀ ni èyí: nígbà ọdún náà ní Èjìgbò, apá méjì ìlú a máa fi pàṣán na ara wọn. Ní Bahia, wọ́n ń pín ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fún àwọn tó jẹ́ ti Òrìṣàńlá, wọ́n á sì rọra fi kan ara wọn lẹ́yìn. Àtòrì ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Wọ́n tọ́jú iyán, wọ́n tọ́jú àtòrì, wọ́n tọ́jú ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e. Iyán ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń pín nínú rẹ̀, dúdú, funfun, ọmọ ilé, àlejò.

Àwọn ọmọ Èjìgbò ti òde òní náà, ẹ mọ ibi tí wọ́n wà. Abidjan! Wọ́n pọ̀ ní Côte d'Ivoire débi pé àwọn ọmọ wọn a máa fi Faransé bá ara wọn ṣeré ní àárín ọjà Èjìgbò bí wọ́n bá wálé. Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò lọ Abidjan tààrà. Àwọn yẹn lè wálé wá jẹ iyán ọdún. Àwa tí ọkọ̀ òfúrufú ń gbà lówó oṣù mẹ́ta, ohun mìíràn la gbọ́dọ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kí àwọn ará Ìgbò kọjá. Wọ́n ń ṣe Iri ji, ọdún iṣu tuntun wọn, ní London, ní Houston, ní ibi gbogbo tí wọ́n bá ti pọ̀ díẹ̀, lóṣù Kẹjọ, wọ́n sì ń pe èèyàn sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ Ìgbò, kò ní jẹ iṣu tuntun kí wọ́n tó ṣe é. Ó ní bàbá òun á mọ̀. Bàbá rẹ̀ wà ní Owerri! Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú jù lọ. Mo padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún ọkọ mi pé a ò ní jẹ iṣu mọ́ títí di Sátidé kejì oṣù Kẹjọ.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje, iṣu kò wọ ilé wa. Kò sí sísè, kò sí dùńdú, kò sí àsáró. Poundo pàápàá, mo gbé e sókè àpótí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, àwọn ọmọ rò pé eré ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, tí mo ti ń bẹ̀ látọjọ́ yìí kó jẹ iyán, wá bá mi ní kíṣìnì, ó ní, "Mọ́mì, iyán ń wù mí." Ó ti tó ọdún méjì tí ọmọ náà ti ń sọ fún mi pé iyán kò ní adùn kankan. Ó mú kàlẹ́ńdà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì, ó ń fa ìlà pupa sórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo dúró wo ìlà pupa yẹn, omi wá sí mi lójú, torí mo rántí bàbá mi tó ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ebè tó sì ń da ilẹ̀ bò ó.

Àwọn aládùúgbò wá ń kọ́? Wọn kì í jẹ iṣu, báwo ni wọn yóò ṣe dúró dè é? Mo kan ilẹ̀kùn wọn lọ́wọ́ òfìfo lọ́dún yẹn. Mo sọ pé a ní ọdún kan nílé, pé a kì í jẹ ohun tí a fẹ́ràn jù lóko wa títí tí gbogbo ìlú yóò fi jọ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo ní, bí wọ́n bá fẹ́ bá wa ṣe é, kí kálukú yan oúnjẹ kan tó fẹ́ràn, kó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà, kó sì gbé e wá ká jọ fi ẹnu kàn án. Mo rò pé wọ́n á ní mo ya wèrè. Obìnrin ará Poland yẹn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn náà ní i, dożynki, ọdún ìkórè wọn, pé àwọn obìnrin á fi ọkà hun adé ńlá, wọ́n á sì fi àlìkámà tuntun ṣe búrẹ́dì tí wọ́n á pín. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí òun ti dé òpópónà wa, kò sẹ́ni tó bi òun rí bóyá àwọn ní ọdún kankan lábúlé àwọn. Búrẹ́dì ló fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tó bá mọ bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe fẹ́ràn búrẹ́dì á mọ̀ pé ó ṣe bẹbẹ.

Bàbá ará Jàmáíkà tó wà ní ìpẹ̀kun òpópónà wa ni mo fẹ́ sọ tiwọn dáadáa. Wọ́n ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ. Trelawny ni wọ́n ti wá, ẹkùn tí wọ́n ti ń gbin iṣu jù ní Jàmáíkà, ibi tí Usain Bolt ti wá. Nígbà tí mo pe iṣu, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi iṣu kọ́ àwọn. Iṣu pupa, èyí tí àwa ń pè ní ìgángán, òun ni ọba oúnjẹ wọn níbẹ̀, láti ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló sì ti bá àwọn ẹrú dé Jàmáíkà. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún iṣu ní Albert Town, ní Trelawny náà. Wọ́n sọ fún mi pé "nyam" ni àwọn ń pe jíjẹun nílé. Èmi náà ní, ẹ ò rí i, ibi kan náà ni gbogbo wa ti wá. Bàbá fi ìgángán sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní láti ìgbà tí ìyàwó àwọn ti kú, wọn ò tíì rí ẹni tó sọ fún àwọn pé kí àwọn má jẹ nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ iṣu yìí fún àwọn ọmọ wa. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí, láti Amẹ́ríkà Gúúsù ló ti wá. Àgbàdo, láti Amẹ́ríkà náà ni. Ọ̀dùnkún pẹ̀lú. Iṣu funfun wa yìí, ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó yẹ àbùdá rẹ̀ wò fi hàn pé inú igbó, ní agbègbè odò Ọya, ni àwọn baba ńlá wa ti mú iṣu igbó tí wọ́n sì tọ́ ọ di iṣu oko. Bí ẹ bá gbé iṣu fún aládùúgbò yín, ẹ lè sọ fún un pé ìran yín ló sọ ọ́ di oúnjẹ.

Ọjọ́ náà pé. Odó wa wúwo, inú àpótí tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá ló bá dé. Ẹ má gún iyán nínú kíṣìnì níbí. A gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ògiri pa wá pọ̀ fi igbálẹ̀ gbá ògiri láti òdìkejì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Orí koríko lẹ́yìn ilé ni a gbé e sí, a fi kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin ará Poland bá mi bẹ iṣu títí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Mo fi epo pupa pa á fún un. Nígbà tí iṣu jinná, a dà á sódó. Àwọn ọmọ fẹ́ da omi sí i. Mo ní rárá o. Ẹ kọ́kọ́ fọ́ ọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ kára, títí tí kókó yóò fi tán, kó tó kan omi. Ẹni tó bá kánjú da omi, kókó ni yóò gbé sẹ́nu. Iṣu tuntun sì lómi nínú tẹ́lẹ̀, omi díẹ̀ báyìí ló ń fẹ́. Bí ọmọ odó méjì bá ń gún odó kan, ọ̀kan ń lọ òkè, ọ̀kan ń bọ̀ wálẹ̀, gbì, gbì, gbì, ẹnu kì í lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ òpópónà wa mẹ́fà ló dúró yí wa ká, wọn ò sọ nǹkan kan.

Nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ dé. Ta ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́? Nílé, ọba ni. A ò lọ́ba ní Manchester. Mo ní ẹni tó dàgbà jù láàárín wa ni, ẹni náà sì ni Bàbá ará Jàmáíkà. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa tó wà níbẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ìyá Tóbi, àlejò lẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ fi ẹnu kan iṣu ilẹ̀ wa?" Ìbéèrè ńlá ni, mi ò kà á sí àfojúdi. Mo dá wọn lóhùn pé, "Bàbá, bí wọn ò bá jí baba ńlá wọn kó, ṣé ẹ mọ ìlú tí wọn ì bá ti jókòó sórí àga ọba lónìí?" Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n lọ, àwọn fúnra wọn ló fi iṣu sísè kan epo àti iyọ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ń kọ lóminú, mo gbọ́ yín. Onígbàgbọ́ ni mí. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èkìtì ń gbé iṣu síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìkórè, kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Lórí koríko wa níbí, àdúrà ni a gbà, ẹnìkan gbà á ní orúkọ Jésù, ọ̀rẹ́ wa Mùsùlùmí sì ní Alhamdulillah. Ẹni tó bá fẹ́ bọ ohun tó ń bọ nílé rẹ̀, kó ṣe é kó tó wá. Èmi ò rí ibi tí dídúró de iṣu ti bá Ọlọ́run jà.

Ní ti ọdún yìí. Sátidé kejì oṣù Kẹjọ ni, ní aago méjìlá ọ̀sán, lẹ́yìn ilé wa. Bí òjò bá rọ̀, a ó na tapólì. Ìdúró bẹ̀rẹ̀ lọ́la, Àìkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín lónìí, ẹ má jẹ́ kó bá wọn lójijì. Ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kan péré, kí ẹ sọ ohun tí a ń dúró dè fún un, kí ẹ tó gbé abọ́ kankan fún un. Bí ẹ bá ń ra iṣu lọ́sẹ̀ náà, ẹ bi oníṣọ́ọ̀bù bóyá tuntun ti dé. Awọ tuntun máa ń fẹ́lẹ́, ibi tí wọ́n ti gé e a sì máa tutù, èyí tó bá ti ń hu ti ọdún tó kọjá ni. Ẹ tẹ orí àti ìdí rẹ̀ wò, ibi tó bá rọ̀ ti rà nínú. Èmi ni n ó mú epo àti ẹja. Obìnrin ará Poland ti ní búrẹ́dì ni tòun lọ́dún yìí, ó fẹ́ hun adé ọkà, àwọn ọmọ tó bá fẹ́ bá a hun ún lè wá ní ọjọ́ Ẹtì ṣáájú. Ọmọ odó kejì wa ti là látòkè dé ìdajì, kò lè gún odidi ọjọ́ mọ́. Ẹni tó bá ní òmíràn nílé, kó bá mi sọ̀rọ̀ kó tó jáde.